Ẹ Jẹ́ Kí Igi Náà Sùn

Nínú àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ igi mìmósà lọ̀ mí ní Chicago níbí, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tí irúgbìn rẹ̀ kọ̀ tí kò hù. Híhù kọ́ ni wàhálà. Oṣù Kejìlá ni wàhálà. Igi tó ti ń dàgbà bọ̀ láti ìgbà sọ́mà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tó ni ín á sáré gbé e sún mọ́ hítà, á bomi sí i, á fi ajílẹ̀ kún un, á tan iná lé e lórí tọ̀sán-tòru. Kí oṣù Kejì tó parí, igi ti gbẹ. Wọn á ní òtútù ló pa á. Kì í ṣe òtútù rárá. Wọn ò jẹ́ kó sùn ni.

Orúkọ mìmósà máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú nídìí páálí irúgbìn, nítorí náà kí n sọ èyí tí mò ń wí. Patanmọ́ tí gbogbo wa fi ṣeré lẹ́bàá ọ̀nà ilé ìwé ni mìmósà lójú àwọn onímọ̀ ewéko. Mimosa pudica ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tún ń pe igi olódòdó yẹ́lò kan tó wá láti Ọsirélíà ní mìmósà. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní igi mìmósà, Albizia julibrissin ló ní lọ́kàn: igi tó ti ilẹ̀ Ìráànì tàn dé Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáánì, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ píńkì, tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú sẹ́dà. Ọmọ ìyá ayùnrẹ́ ni. Ayùnrẹ́ yìí náà ló wà nínú orúkọ Ìdí Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, lágbègbè tí iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tẹ̀dó sí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ ọ́n dáadáa, torí wọ́n máa ń dá a sí láàárín oko kó lè ṣíji bo kòkó wọn. Ẹni tó bá to ewé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rí i pé ẹbí ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti yapa ni pé ayùnrẹ́ ò mọ yìnyín. Èyí mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ sì máa ń retí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ká ní Atlanta ni mò ń gbé, n kò ní í gbin mìmósà sínú ilé. Lọ́hùn-ún, ó ti di igbó. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti mú un wọ Amẹ́ríkà nítorí ẹwà rẹ̀, ó sì ti bọ́ sí ẹ̀bá títì, ojú ọ̀nà rélùwéè àti etí odò, débi pé àwọn onímọ̀ igbó ní gúúsù ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbìn ín mọ́. Mo fara mọ́ wọn. Ti Chicago yàtọ̀. Igi yìí, bó bá ti dàgbà, lè fara da òtútù tó sún mọ́ −20°C, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, tiwa níbí já wálẹ̀ dé −31°C. Igi ọlọ́dún méjì ò lè la irú rẹ̀ já ní gbangba. Ìdí nìyí tá a fi ń gbìn ín sínú ìkòkò, tá a sì ń gbé e wọlé. Inú ilé yẹn gan-an sì ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ilé àtijọ́ ìlú yìí, bí wọ́n bá tan hítà wọn ní wíńtà, ẹ máa rò pé ọ̀sán gangan Ìbàdàn lẹ wà.

Irúgbìn rẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tó bá lẹ́bí ní Georgia kò níláti ra á. Lẹ́yìn tí ewé bá ti wọ́ tán, èso rẹ̀ á ṣì so rọ̀ lórí ẹ̀ka, pẹrẹsẹ, tó ti gbẹ, tó ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ nínú atẹ́gùn. Mo máa ń bẹ àwọn tó bá ń wakọ̀ bọ̀ láti Atlanta pé kí wọ́n bá mi ká díẹ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, torí inú ọ̀rá ló ti máa ń bu. Tí mo bá pa á, mo máa ń wo hóró kọ̀ọ̀kan dáadáa. Èyí tí kòkòrò ti dá ihò róbótó sí lára, ihò tí gbogbo ẹni tó ń ta ẹ̀wà mọ̀, ẹ dà á nù; wọ́n ti jẹ ọmọ inú rẹ̀ tán. Ìyókù, mo máa ń sọ wọ́n sínú fírísà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí kòkòrò tó bá ṣì fara pamọ́ lè kú. Hóró tó bá ti gbẹ dáadáa, fírísà ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ibi tí irúgbìn ti wá ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní ọdún 1918, Ernest Wilson, tó ń wá ewéko kiri ilẹ̀ Éṣíà fún Arnold Arboretum ti Boston, ká irúgbìn mìmósà nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan ní Seoul. Òtútù Seoul kì í ṣe kékeré. Àwọn igi tó hù látinú irúgbìn yẹn fara da wíńtà Boston, wọ́n sì di ìran tí àwọn ará àríwá ń wá kiri títí dòní. Òótọ́ ni pé inú ilé la fẹ́ gbé tiwa sí, àmọ́ yàrá tó tutù ni yóò sùn, yàrá bẹ́ẹ̀ sì lè tutù kọjá bó ṣe yẹ lóru ọjọ́ kan. Bí mo bá rí irúgbìn tí ìyá rẹ̀ ti jẹ òtútù rí, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ mú.

Oorun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ látinú hóró. Èèpo hóró náà le, omi kì í ráyè wọlé, ọmọ inú rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìkú. Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó gbọ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1793, George Staunton, tó bá Lord Macartney lọ jíṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà, ká mìmósà yìí bọ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí mùsíọ́mù ńlá ìlú náà ń kó ewéko gbígbẹ sí. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 1940, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì bọ́ síbẹ̀, iná sọ, àwọn panápaná sì da omi bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi padà dé ìdí àwọn bébà wọ̀nyẹn, irúgbìn tó ti wà nínú gbígbẹ fún ọdún 147 ti ń hù. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ogun ló jí i.

Tiwa kò nílò bọ́ǹbù. Àwọn kan máa ń lo omi gbígbóná: wọ́n á se omi títí á fi hó, wọ́n á jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á dà á lé hóró lórí nínú àwo, ó di àárọ̀. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ n kò fẹ́ràn rẹ̀, torí bí ó ṣe ń jí òmíràn ló ń se òmíràn. Sáńpépà káfíńtà ni tèmi, tàbí ohun tí a fi ń gé èékánná. Ẹ fi ìka méjì di hóró mú, kí ẹ wá ibi tó fi so mọ́ inú èso. Ìdodo rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ inú rẹ̀ ń gbé nítòsí ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Etí kejì ni kí ẹ máa ha, jẹ́jẹ́, títí àmì kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ á fi hàn lábẹ́ èèpo náà, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti èèpo lọ. Ó ti tó. Ẹ sọ ọ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, èyí tó ti mu omi á ti wú di ìlọ́po méjì, èèpo rẹ̀ á ti rọ̀, á máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tí kò mu ún á ṣì wà nísàlẹ̀ àwo, ó le gbagidi bí ẹ ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ má jù ú nù. Ẹ tún un ha díẹ̀ sí i, kí ẹ dá a padà sínú omi.

Gbígbìn kò ní àdììtú. Erùpẹ̀ inú àpò tí a pò mọ́ perlite, ìkòkò tó jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wá ìsàlẹ̀ lọ tààrà, ihò tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ibi tó móoru dé bíi 22°C sí 25°C. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á yọrí. Ewé méjì tó máa kọ́kọ́ jáde nípọn, wọ́n rí róbótó, wọn ò jọ mìmósà rárá. Lẹ́yìn wọn ni ewé kan á yọ tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, pẹ̀lú ewé wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e bá dé, ọ̀pá náà á ti pín sí ẹ̀ka, ewé wẹ́wẹ́ á wà lára ẹ̀ka. Ẹ ti rí mìmósà nìyẹn. Omi àpọ̀jù ló ń pa wọ́n lásìkò yìí ju ohunkóhun lọ. Ọrùn wọn á rọ̀ níbi tí wọ́n ti kan erùpẹ̀, wọ́n á dojú bolẹ̀, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi. Àsìkò gbígbìn náà kò sì gbọdọ̀ ṣàdédé jẹ́ ìgbà tó bá wù yín: ìparí oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta ni mo máa ń gbìn ín, kó lè jẹ gbogbo sọ́mà. Èyí tí a bá gbìn ní oṣù Kẹsàn-án á bá wíńtà pàdé ní ọmọ ọwọ́, kò ní lágbára láti sùn, kò sì ní rí oòrùn tó máa fi jí wà.

Bí ewé gidi bá ti yọ, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe ń sùn lálẹ́. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ewé wẹ́wẹ́ á máa pàdé ara wọn ní méjì-méjì, gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Oríkèé kékeré kan wà nídìí ewé kọ̀ọ̀kan. Omi àti èròjà pòtásíọ́ọ̀mù ló ń kúrò ní ìhà kan rẹ̀ bọ́ sí ìhà kejì. Ìhà tó gbà á á wú, èyí tó pàdánù rẹ̀ á tẹ̀, ewé á sì ká. Ohun tí patanmọ́ ń ṣe nìyí gẹ́lẹ́, àmọ́ tirẹ̀ yá, ọwọ́ lásán ló sì ń mú un ṣe é. Ọ̀pọ̀ rò pé òkùnkùn ló ń pàṣẹ fún wọn. Ní ọdún 1729, ará Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé ewéko tó ń ká ewé bẹ́ẹ̀ síbi tí oòrùn ò dé. Ewéko náà ṣì ń la ewé lọ́sàn-án, ó ń pa á dé lálẹ́, nínú òkùnkùn biribiri. Inú rẹ̀ ni aago wà.

Ìdí nìyí tí èmi àti àwọn tó ń tan iná LED sórí igi fún odidi wákàtí mẹ́rìnlélógún kì í fi í rẹ́. Wákàtí mẹ́rìnlá sí mẹ́rìndínlógún tó ọmọ igi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa iná. Èyí tí kò bá rí alẹ́, aago rẹ̀ á dàrú, á máa ká ewé nígbà tó yẹ kó là á. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ń pa iná lálẹ́, tó tún ń ká ewé lọ́sàn-án, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni tàbí kí iná ti sún mọ́ ọn jù. Fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ìjọ wa tí kò ní sùúrù igi, patanmọ́ ni mo máa ń gbìn. Ó ń ṣe dáadáa nínú ilé gbígbóná, kò bèèrè wíńtà, bó bá sì gbó, ẹ gbin òmíràn. Nílé, ọkọ́ la fi ń lé e kúrò lójú oko. Níbí, owó la fi ń ra á, hóró tí kò kún ọwọ́ ọmọdé nínú páálí aláràbarà. Àwọn àgbàlagbà tó bá rí i lójú fèrèsé mi máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Nípa ajílẹ̀, ẹ rọra. Ẹbí ẹ̀wà ni igi yìí. Tí mo bá ń pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, mo máa ń yẹ gbòǹgbò wò, bóyá màá rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ò ju hóró ọkà bàbà lọ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá wà, mo máa ń fi èékánná fọ́ ọ̀kan. Tí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń ṣiṣẹ́: bakitéríà inú rẹ̀ ń gba náítírójìn látinú afẹ́fẹ́ fún igi. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò nílò ajílẹ̀ mi. Èyí tí kò ní kókó kankan ni mo máa ń fún ní ìwọ̀nba díẹ̀, láti oṣù Karùn-ún dé ìparí oṣù Keje. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti kó àpò ajílẹ̀ pa mọ́, torí ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ ẹ̀ka tó bá yọ ní oṣù Kẹsàn-án, òtútù ló máa jẹ ẹ́.

Oṣù Kẹwàá ni iṣẹ́ gidi. Láti àárín oṣù Karùn-ún, nígbà tí òtútù tó ń dì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìta ni àwọn ìkòkò mi máa ń wà, lójú oòrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé tiwọn wọlé gbàrà tí àwọn fúnra wọn bá ti wọ kóòtù. Ó ti yá jù. Igi náà gbọ́dọ̀ rí i pé ọ̀sán ń kúrú, kí alẹ́ tutù sí i lára, kó tó lè palẹ̀ mọ́. Mo máa ń fi í sílẹ̀ títí ewé rẹ̀ á fi wọ́; nígbà mìíràn wọn kì í tiẹ̀ pọ́n, òtútù àkọ́kọ́ á kàn gbọn gbogbo wọn sílẹ̀ ní tútù. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni pé kí erùpẹ̀ inú ìkòkò má dì. Gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ ní ilẹ̀ tó bò ó; ti inú ìkòkò, ike lásán ló yí i ká.

Ibo ni kó wá sùn? Kì í ṣe pálọ̀. Ibi tó tutù ni, láàárín 2°C sí 8°C, bí ibẹ̀ tilẹ̀ ṣókùnkùn, kò burú, torí igi tí kò léwé kò fi ìmọ́lẹ̀ ṣe nǹkan kan. Gáréèjì dára. Àjà ilẹ̀ tí hítà ò dé dára. Fún ìlú tiwa, èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni fàráńdà ẹ̀yìn tí wọ́n fi pákó àti gíláàsì dí, irú èyí tó pọ̀ lára àwọn ilé alájà mẹ́ta. Mo máa ń gbé ìkòkò lé pákó kí ó má jókòó sórí kọnkéré, mo ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ogbó wé e, tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lóru tí òtútù bá fẹ́ ya wèrè, mo ń ṣí ilẹ̀kùn kíṣìnnì sílẹ̀ díẹ̀. Omi? Ife kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí gbòǹgbò má gbẹ tán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo tí hítà ń jó lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ máa ń bi mí pé báwo ni tàwọn ṣe máa rí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo máa ń sọ fún wọn: ẹ má gbin igi yìí. Nínú ooru gbígbẹ yẹn, kò ní sùn, kò sì ní jí. Á máa yọ ewé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, torí ìmọ́lẹ̀ oṣù Kejìlá wa, wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀ péré, kò lè bọ́ ọ. Àárín ìgbà náà ni àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ta okùn bíi ti aláǹtàakùn á dé. Ẹ máa kọ́kọ́ rí àmì wẹ́wẹ́ yẹ́lò lójú ewé. Tí ẹ bá gbé bébà funfun sábẹ́ ẹ̀ka, tí ẹ fọwọ́ gbá a, ẹ máa rí eruku tó ń rìn. Ibi gbígbẹ tó gbóná ni wọ́n fẹ́. Ẹ lè fi omi ṣan ewé, ẹ lè fi ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ewéko fín in, wọ́n á tún padà, torí ohun tó pè wọ́n wá ṣì wà níbẹ̀.

Jíjí rẹ̀ ló wá ń dán sùúrù wò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí igi gbogbo ládùúgbò bá ti rúwé, mìmósà ò tíì mira. Ìyá àgbà kan ní ìjọ wa pè mí ní ìparí oṣù Kẹrin:

“Ọmọ mi, igi tí o fún mi ti kú o. Àwọn akólẹ̀ ń bọ̀ lọ́la, mo fẹ́ gbé e síta.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má tíì gbé e síta. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Àwọ̀ wo lẹ rí?”

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé fóònù kalẹ̀. Wọ́n padà dé.

“Àwọ̀ ewé ni.”

“Ó ń sùn ni, Màmá.”

“Láti oṣù Kọkànlá? Oorun wo nìyẹn?”

Lẹ́yìn àárín oṣù Karùn-ún ló yọ ewé. Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ igi gbígbẹ ni wọ́n rí lókè, kí wọ́n máa họ ọ́ sísàlẹ̀ ni, torí orí ẹ̀ka sábà máa ń kú, tí ìdí á sì wà láàyè. Ibi tí àwọ̀ ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti gé e.

Gígé yẹn náà ni ẹ máa fi kápá gíga rẹ̀. Igi tó ń dàgbà tó mítà mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ rẹ̀ kì í bẹ̀rù àjà ilé. Ní oṣù Kẹta, kó tó jí, mo máa ń gé e sílẹ̀ gan-an, mo tún máa ń dín gbòǹgbò tó bá ti ń yí po nínú ìkòkò kù, ó sì máa ń yọ padà láìbínú. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ mi máa ń bèèrè ìgbà tó máa tanná. Ní ìta, nínú ìkòkò ńlá, lójú oòrùn gangan, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó ṣeé ṣe. Nínú ilé, ẹ má retí rẹ̀. Ewé rẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín fún. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ pupa ní pálọ̀ lóṣù Kejìlá, kó lọ ra poinsettia. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń tà á nígbà Kérésìmesì, owó rẹ̀ ò wọ́n, òun sì fẹ́ràn ilé tó móoru.